Ibi Tí Òtútù Ń Gbà Lọ

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó fẹ́ràn láti mọ ìdí ohun gbogbo, ẹ má wulẹ̀ rìn jìnnà, obìnrin tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Tọpinpin ni kí ẹ wá lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa lọ láti ilé dé ilé, kí ó máa wo bí ilé ṣe ń lo iná: ibi tí ooru ń gbà wọlé, ibi tí òtútù ń gbà sá jáde, àti àtúnṣe tí onílé lè ṣe kí ara lè tù ú láìjẹ́ pé iná ń ṣòfò. Àwọn mìíràn nínú iṣẹ́ náà a yẹ fèrèsé wò, wọn a gbójú sókè wo òrùlé, wọn a kọ èsì, wọn a gba ilé wọn lọ. Ti Tọpinpin kò rí bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ló ti máa ń nà gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí yóò ki orí bọ abẹ́ fíríìjì, kí ó ṣáà lè mọ ohun tó ń kùn níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ a ní, "Ọmọ yìí, orí rẹ yóò kúkú há síbì kan lọ́jọ́ kan." Orí náà kò há. Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ló dà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí oòrùn ti tètè bẹ̀rẹ̀ sí í ta bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, wọ́n rán an lọ sí ilé nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ilé náà gùn gbọọrọ, apá méjì lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo, ẹnu ọ̀nà apá kọ̀ọ̀kan sì dá wà. Wọ́n to ìkòkò òdòdó sí iwájú apá ọ̀tún. Ní iwájú apá òsì, òkìtì yanrìn ló wà, pẹ̀lú ṣọ́bìrì tí wọ́n fi ti ògiri.

Ibi tí òdòdó wà ni nọ́ọ̀sì ti jáde. Màmá náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúró ṣánṣán, ó gé irun funfun rẹ̀ mọ́lẹ̀, agogo kékeré àwọn nọ́ọ̀sì ṣì wà ní àyà aṣọ rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ pè é síbi iṣẹ́ nígbàkigbà.

"Ẹ káàárọ̀, Mà. Èmi ni wọ́n ní kí n wá wo ilé yín."

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Bọ́ sínú ilé kí oòrùn má yan ẹ́ gbẹ. Ṣùgbọ́n má retí pé inú ilé sàn ju ìta lọ o. Ohun tí mo fi ránṣẹ́ pè yín gan-an nìyẹn."

Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀rọ amúlétutù wà lára ògiri yàrá ìgbàlejò, ó ń kùn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, síbẹ̀ òógùn bo Tọpinpin kí ó tó gbé àpò iṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ tán.

"Tọ̀sán-tòru ló ń ṣiṣẹ́," nọ́ọ̀sì ní. "Ẹni àkọ́kọ́ tó wá tún un ṣe ní gáàsì ló tán, ó rọ gáàsì sí i. Ẹni kejì ní ìdọ̀tí ló pọ̀ nínú rẹ̀, ó tú u palẹ̀, ó fọ̀ ọ́. Ẹni kẹta wò ó títí, ó yíjú sí mi, ó ní bóyá ara èmi gan-an ni kò dá. Èmi! Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi wo ibà lára ẹlòmíràn!"

Tọpinpin rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí ẹnu ẹ̀rọ náà. Atẹ́gùn tó ń jáde níbẹ̀ tutù nini. Ó fi ọwọ́ síbẹ̀ títí ìka rẹ̀ fi fẹ́ kú.

"Mà, ẹ̀rọ yìí kò ṣẹ̀ yín. Òtútù ń jáde dáadáa. Ibi tó ń lọ la kò mọ̀."

"Ṣé òtútù ń rìn ni?"

"Ó ń rìn ju èmi àtẹ̀yin lọ, Mà."

Ojú màmá tàn yinrin. Láti ìgbà náà, kò jókòó mọ́. Ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń tẹ̀ lé Tọpinpin láti yàrá dé yàrá bí dókítà àgbà tó ń yí wọ́ọ̀dù ká, ohun tí Tọpinpin bá sì fọwọ́ kàn, òun náà á fọwọ́ kàn án. Rọ́bà etí fèrèsé ti gbẹ, ó ti sán. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ga kúrò nílẹ̀ débi pé ìka ọwọ́ lè kọjá. Wọ́n kọ ìyẹn náà. Tọpinpin gun àkàsọ̀, ó yọ orí sínú àjà, ó rí i pé eku ti jẹ lára fóòmù tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ páànù kí ooru má baà sọ̀ kalẹ̀.

"Kí lo rí?" màmá ń pariwo láti ìsàlẹ̀.

"Ilé eku, Mà!"

"Ṣé àwọn ló ń jẹ òtútù mi?"

"Wọn kò lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀!"

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbọn eruku nù lára. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Fèrèsé ṣẹ̀, ilẹ̀kùn ṣẹ̀, eku ṣẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá kó gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ wọn pọ̀, kò tíì tó ohun tó lè gbé òtútù ẹ̀rọ ńlá bẹ́ẹ̀ lọ ráúráú. Nǹkan kan wà tí ojú rẹ̀ kò tíì tó.

Ó yọ kámẹ́rà rẹ̀ jáde. Kámẹ́rà náà kì í ya èèyàn bí ti àwọn tó ń ya fọ́tò; ooru àti òtútù ló ń fi hàn. Ibi tó bá gbóná á pọ́n, ibi tó bá tutù á dúdú bí aró. Tọpinpin gbé e sójú, ó ń yí díẹ̀díẹ̀. Òrùlé pọ́n fòò. Fèrèsé pọ́n. Nígbà tó kan ògiri tó wà láàárín ilé, níbi tí kọ́bọ́ọ̀dù gìrìwò kan dúró sí, ó dúró. Ó tún un wò. Ó sún mọ́ ọn, ó sún sẹ́yìn.

Ilà kan gùn tààrà láti ilẹ̀ lọ sókè ní ẹ̀gbẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù náà, òmíràn wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, èyí tó dábùú sì so àwọn méjèèjì pọ̀ lókè. Àwọ̀ àárín wọn yàtọ̀ sí ti ògiri tó kù. Òtútù sì ń ṣàn lára ògiri, ó ń rá pálá wọ ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù bí omi tó rí ojú gọ́tà.

"Mà, ilẹ̀kùn ti wà níbí rí."

Màmá di agogo àyà rẹ̀ mú.

"Kámẹ́rà yẹn, ṣé ó ń rí ohun tó ti kọjá ni?"

"Rárá, Mà. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi dí i ni kò bá ti ògiri mu. Bí ooru ṣe ń wọ inú ọ̀kan kọ́ ló ń wọ èkejì."

Nọ́ọ̀sì wá jókòó. "Ilé bàbá wa nìyí," ó ní. "Àbúrò mi ọkùnrin ló ń gbé ẹ̀gbẹ́ kejì. Bíríkìlà ni. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ògiri yẹn, lọ́jọ́ kan ṣoṣo, láìgbójú sókè wo ẹnikẹ́ni. Kí ó tó mọ ọ́n tán, èmi náà ti sún kọ́bọ́ọ̀dù síwájú rẹ̀ kí n má baà máa rí i. A kò bára wa sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Ó ti pẹ́."

Ìbéèrè kún ẹnu Tọpinpin bámúbámú. Ó gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ilé ni wọ́n rán an wá wò, wọn kò rán an wá wo ẹbí.

"Mà, ṣé ẹ máa ń ní kí aláìsàn mí kanlẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ àyà rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ohun tí a fẹ́ ní kí ilé yìí náà ṣe nìyẹn."

Ó pa ẹ̀rọ amúlétutù, ó ti gbogbo fèrèsé. Ó ta tapólì pupa kan bo ẹnu ọ̀nà iwájú láti òkè délẹ̀, ó sì so fáànù ńlá mọ́ ihò tó wà láàárín rẹ̀. Iṣẹ́ fáànù náà ni kí ó máa fa afẹ́fẹ́ inú ilé sí ìta. Bí ó bá ti ń fà á jáde, afẹ́fẹ́ ìta á máa wá ọ̀nà tipátipá wọlé, ibikíbi tí ihò bá wà, ibẹ̀ ló máa gbà. Ó tan án. Fáànù hó yèè, tapólì fà wọnú, ilẹ̀kùn yàrá kan gbá gbàà.

Tọpinpin mú ọ̀pá kékeré kan tó ń rú èéfín tín-ín-rín lọ́wọ́. Létí fèrèsé, èéfín náà gbọ̀n díẹ̀. Lábẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó yí po. Létí kọ́bọ́ọ̀dù, kò gbọ̀n, kò yí po, ṣe ni atẹ́gùn gbá gbogbo rẹ̀ sí i lójú. Ó húkọ́, ó nu ojú. Òórùn kan bá atẹ́gùn náà wá.

"Mà, ẹ ń se kọfí ni?"

"Èmi kì í mu kọfí." Ohùn nọ́ọ̀sì ti yí padà. "Àbúrò mi ló ń mu ún. Láti ọ̀dọ́ ló ti ń mu ún bí omi."

Àwọn méjèèjì fi èjìká ti kọ́bọ́ọ̀dù. Ó kọ́kọ́ ṣorí kunkun, nígbà tó yá ó ké ròò, ó sì ṣípò padà. Ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ dán, búlọ́ọ̀kù tò lórí ara wọn bí ẹni fi rúlà fà á. Ṣùgbọ́n níbi tó ga tó ìbàdí èèyàn, ihò kan wà níbẹ̀, ó tó búlọ́ọ̀kù kan gẹ́lẹ́. Ìwé ìròyìn kan ti fò wá lẹ̀ mọ́ ọn láti ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ń gbọ̀n pẹpẹpẹ. Kí wọ́n tó ṣẹ́jú, etí kọ́tìnnì kan náà ti yọ wọlé tẹ̀ lé e.

"Ta ló ń fa ilé mi?" ohùn ọkùnrin kan dún gbàmù láti inú ògiri. "Mo ní ta ló ń fa ilé mi o?"

Wọ́n wo ara wọn lójú. Tọpinpin fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín fẹ́ pa á.

Kò pẹ́ tí wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ níta, tí ẹnì kan sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá tapólì ẹnu ọ̀nà. "Ẹ̀yin ará ibí! Kí lẹ gbé sẹ́nu ọ̀nà yìí? Ìwé ìròyìn tí mo ń kà jẹ́jẹ́ mi fò kúrò lọ́wọ́ mi, ó lọ lẹ̀ mọ́ ògiri! Kọ́tìnnì mi ń wọnú ògiri lọ!"

Tọpinpin sáré pa fáànù. Tapólì rọ̀ wọ̀ọ̀. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́.

"Ẹ má bínú, Sà," ó ní láti inú. "Ilé la ń yẹ̀ wò."

Nígbà tí ẹni tó wà níta tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Ṣé kò sí nǹkan tó ṣe Sístà?"

Nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ. Ó juwọ́ sí Tọpinpin pé kí ó dáhùn.

"Kò sí nǹkan kan, Sà. Ara wọn le."

"Ó dáa." Ẹsẹ̀ náà padà lọ.

Tọpinpin yíjú sí màmá. "Mà, n kò lè kọ ohunkóhun láìjẹ́ pé mo rí ẹ̀gbẹ́ kejì ògiri yìí."

"Iṣẹ́ rẹ ni. Máa lọ." Nígbà tí Tọpinpin dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, màmá tún pè é. "Bá mi wo ẹsẹ̀ rẹ̀, bóyá ó ń wú. Kọfí yẹn ti pọ̀ jù."

Bíríkìlà náà rí fìrìgbọ̀n, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń tẹ̀, sìmẹ́ńtì sì ti sọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ di èèpo igi. Ó ṣílẹ̀kùn fún Tọpinpin láìsọ púpọ̀. Bí obìnrin náà ṣe gbẹ́sẹ̀ wọlé, ara tù ú pẹ̀sẹ̀. Ó wò yíká: kò sí ẹ̀rọ amúlétutù, kò sí fáànù.

"Ilé yín tutù, Sà."

Ojú bíríkìlà rọ̀. "Gbogbo ẹni tó bá wọbí ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Apá tèmi kì í gbóná. Bí mo ṣe tún ilẹ̀ rẹ̀ ṣe ni, tí mo sì ṣí fèrèsé rẹ̀ síbi tí atẹ́gùn ń gbà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi nínú iṣẹ́ máa ń wá wò ó. Mo ti kọ́ wọn, wọn kò rí i ṣe."

Tọpinpin bu ètè jẹ. Ó gbé kámẹ́rà sójú. Òtútù tó ti fi gbogbo òwúrọ̀ wá kiri rèé, àṣẹ́kù rẹ̀ tẹ́ sílẹ̀ yàrá náà lọ súà, ó dúdú bí aró, láti abẹ́ ihò ògiri títí dé ẹsẹ̀ àga kan. Àga náà ló wá ń yà á lẹ́nu. Kò kọjú sí tẹlifíṣọ̀n, kò kọjú sí fèrèsé. Ẹ̀gbẹ́ ihò ni wọ́n gbé e sí gbọn-in, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti jẹ sìmẹ́ńtì ilẹ̀ wọnú. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, etí rẹ̀ ni yóò bá ihò náà dọ́gba.

"Sà, ihò yìí ńkọ́? Ṣé búlọ́ọ̀kù ló tán lọ́jọ́ náà?"

"Búlọ́ọ̀kù tán? Lọ́wọ́ ta?"

"Mo mọ̀ pé kò tán, Sà. Ẹni tí búlọ́ọ̀kù tán lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní fi sìmẹ́ńtì dán etí ihò báyìí."

Bíríkìlà wò ó fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó ń rò ó bóyá kí ó lé e jáde. Ó wá lọ jókòó sórí àga náà.

"Bàbá wa ń ṣàìsàn," ó ní, "iṣẹ́ sì gbé mi lọ sí ìlú tó jìnnà. Mo ń pe Sístà lórí fóònù, ó ń sọ fún mi pé ara Bàbá ń le, kí n fọkàn balẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni. Ó mọ̀ pé àìsàn náà kì í ṣe èyí tó ń lọ. Mo dé, wọ́n ti sin ín. N kò rí i, n kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Inú bí mi dé ibi tí n kò mọ ohun tí mo lè fọwọ́ mi ṣe ju kí n po sìmẹ́ńtì lọ. Mo ń mọ ògiri, mo ń búra pé n kò ní fojú kàn án mọ́. Ìgbà tó ku búlọ́ọ̀kù yìí, mo gbọ́ tó ń húkọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo wá rò ó: òun nìkan ló wà níbẹ̀. Bí nǹkan bá ṣe é, ta ni yóò gbọ́? Mo gbé búlọ́ọ̀kù náà sílẹ̀. Mo ní n óò wá fi síbẹ̀ tó bá yá." Ó nu imú. "Ó ń tan rédíò, mo ń gbọ́. Ó ń bá òdòdó rẹ̀ jà pé wọn kò dàgbà, mo ń gbọ́. Ìyẹn náà tó fún mi."

"Bàbá ló ní kí n má sọ fún ẹ."

Bíríkìlà fò sókè bí ẹni tí iná gbé. Láti inú ihò ni ohùn náà ti wá. Nọ́ọ̀sì ti fa àpótí ìtìsẹ̀ sídìí ògiri, ó sì ti jókòó tì í, wọ́n ń rí etí kan àti irun funfun díẹ̀.

"Ó ní bí o bá gbọ́, wàá fi iṣẹ́ sílẹ̀, wàá máa sáré bọ̀ lójú ọ̀nà burúkú yẹn lóru. Ó ní òun kò fẹ́ kí ìwọ náà bá òun lọ. Ó mú mi búra. Mo fẹ́ sọ fún ẹ lọ́jọ́ tí o dé, ṣùgbọ́n o ti po sìmẹ́ńtì kí n tó lanu."

"Láti ìgbà yẹn wá ńkọ́, Sístà?"

"Ta ni kí n sọ fún? Ògiri?"

"Ihò wà lára ògiri!"

"Ta ló sọ fún mi pé ihò wà lára ògiri?"

Bíríkìlà fi ọwọ́ líle rẹ̀ pa orí. "Ó ní kí n má wá?" ó béèrè níkẹyìn, bí ọmọdé.

"Orúkọ rẹ ló ń pè ní gbogbo ìgbà. Ó ṣáà ní kí n jẹ́ kí o parí iṣẹ́."

Tọpinpin bojú wo ìta. Ó ń wo òkìtì yanrìn bí ẹni pé wọ́n ní kí ó wá kà á. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ohùn nọ́ọ̀sì tún jáde láti inú ihò, ó ti le díẹ̀ sí i.

"Ọmọ mi, ìwọ tí o wá wo ilé. Ṣé ibi tí òtútù mi ń lọ lo dúró sí yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Ìyẹn ni pé mo ń làágùn níbí, ẹnì kan ń jókòó sínú òtútù mi, tó ń mu kọfí gbígbóná?"

Bíríkìlà wo Tọpinpin. "Òtútù wo?"

Ó di dandan kí ó ṣàlàyé. Ó ń sọ ọ́ lọ, ó ń rí bí ojú bàbá náà ṣe ń yí: ó wo ilẹ̀ tó fi ń yangàn, ó wo ihò, ó wo ilẹ̀ padà.

"Gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ mi," ó ní jẹ́jẹ́. "Gbogbo ohun tí mo kọ́ wọn."

Ẹ̀rín bú jáde ní ẹ̀gbẹ́ kejì ògiri. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí, ẹ̀rín náà di ikọ́, bí ikọ́ sì ti bẹ̀rẹ̀, bíríkìlà yí orí, ó dẹ etí sílẹ̀, kò mí títí ikọ́ náà fi dáwọ́ dúró. Tọpinpin rí i. Ó wá di ohun tó rọrùn láti mọ bó ṣe ti ń gbé ìgbésí ayé rẹ̀ láti ìgbà tó ti mọ ògiri yẹn.

"Ohun tó tọ́ kí n kọ," ó ní, "ni pé kí wọ́n dí ihò náà."

"Ilẹ̀kùn ńkọ́?" bíríkìlà béèrè. Kò wo ibi ihò bó ṣe ń sọ ọ́. "Bí a bá wó ohun tí mo mọ, tí a fi ilẹ̀kùn síbẹ̀?"

"Bí ó bá dé dáadáa, tó ní rọ́bà létí, kò burú, Sà."

"Yóò dé dáadáa," nọ́ọ̀sì ní. "Ọ̀dọ̀ rẹ ni kí ó ṣí sí, kí ó má baà gbá kọ́bọ́ọ̀dù mi."

"Kí ó wá máa gbá àga mi, Sístà?"

"Gbé àga náà kúrò. Kí lo tún fẹ́ máa fi ṣe níbẹ̀?"

Nígbà tí Tọpinpin padà wá wo bí àtúnṣe ṣe ń lọ, wọ́n ti pààrọ̀ rọ́bà fèrèsé, wọ́n ti lé eku jáde nínú àjà, abẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sì ti dí. Ṣùgbọ́n àyè gbàgàdà ló ṣí sílẹ̀ láàárín ilé, kò sí ilẹ̀kùn níbẹ̀. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ń bá apá méjèèjì yí, ooru sì mú ẹ̀gbẹ́ kìíní àti ẹ̀gbẹ́ kejì bákan náà. Nọ́ọ̀sì àti bíríkìlà jókòó sí ojú àyè náà gan-an, eruku búlọ́ọ̀kù wà lórí wọn, wọ́n ń ṣe àríyànjiyàn.

"Ó ní ọ̀dọ̀ mi ni kó ṣí sí," nọ́ọ̀sì fẹjọ́ sùn.

"Èmi ni mo mọ iṣẹ́ ilé," bíríkìlà ní.

"Ìwọ tí òtútù ń wọlé fún tí o ò mọ ibi tó ti wá!"

Tọpinpin rẹ́rìn-ín. Ó ní wọ́n lè ṣe ilẹ̀kùn àfà, èyí tó ń rìn létí ògiri, tí kò ṣí sí ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ tàn wọ́n, ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ kì í dé tó èyí tó ń ṣí sí ẹ̀gbẹ́ kan, òtútù díẹ̀ á ṣì máa yọ́ kọjá.

Nọ́ọ̀sì rò ó, ó fọwọ́ kan agogo àyà rẹ̀. "Díẹ̀ báwo?"

"Díẹ̀ ni, Mà."

"Kó máa kọjá," ó ní. Bíríkìlà ti dìde, ó ń wá téèpù tí yóò fi wọn àyè náà kiri nínú eruku.